Fèrèsé tí Kọ́bọ́ọ̀dù Dí

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà'ba, tí mò ń dúró de tèmi, nígbà tí obìnrin kan wọlé, tó na fóònù tirẹ̀ sí i.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó. Wáífáì ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbé sórí òpó ládùúgbò wa, kì í dé yàrá mi. Yàrá ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi ló ń yà sí, bíi bàbá àwọn ọmọ mi gẹ́lẹ́! Ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí látìrọ̀lẹ́, ó ní bọ́ọ̀lù lòun ń wò.”

Ọkùnrin náà tẹ fóònù títí. “Kò sí nǹkan tó ṣe é, Àlàájà. Ṣé ilé alámọ̀ ni?”

“Amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ tèmi àti tirẹ̀!”

“Ògiri amọ̀ máa ń dí i. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé. Ṣé fèrèsé yín kọjú sí òpó yẹn?”

“Ó kọjú sí i.”

“Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ gbé fóònù síbẹ̀.”

“Mo ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i.”

“Ẹ gbé e kúrò.”

“Ẹnu ọ̀nà ìyàwó yẹn ni fèrèsé náà ń wò. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé ni mo ti dí i, kí n má baà máa rí bí bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ń wọlé tọ̀ ọ́.”

Ọkùnrin náà rọra dá fóònù padà fún un. “Àlàájà, ibi tẹ́ ẹ dí yẹn náà ló ń gbà.”

“Ṣé kò wá lè gba ibòmíràn ni?”