Ìyá Àgbà Ń Wẹ̀ Lọ́jọ́ Náà

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òótọ́ kò sì bá a, nítorí èmi ni mo di òótọ́ náà lẹ́sẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi kò ní rí yìnyín ọdún yìí. Kó má rí i, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, afinimọ̀nà ni gbogbo yín ní àfonífojì yìí. Ẹ ń mú àlejò gun àpáta, ẹ ń mú wọn wa ọkọ̀ kayáàkì lórí odò, ọ̀pọ̀ yín ló sì jẹ́ pé ọwọ́ mi lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé pátákó kan kọ́ sí orí afárá ní Sátidé, pé ẹ ti kọ ìtàn ikú Anselme sí i kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Ẹ má gbé e kọ́. Irọ́ ló wà lára pátákó yẹn, èmi Firmin Bonnardel ni mo sì pa irọ́ náà.

Capucine, ìwọ tí o ń wá kàwé fún mi láti ìgbà tí ojú mi ti fọ́, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí Anselme ni bàbá rẹ. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ níhìn-ín bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń ṣe oríkunkun lórí omi. Wọ́n á ní, "Ṣé Anselme ni ẹ́ ni?" Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. O kéré gan-an nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí ọ létí ní ibi tí àwọn ọmọdé ti ń tò gba ọkọ̀. O sáré wálé wá bi ìyá rẹ pé, "Màmá, ṣé alágídí ni bàbá mi?" Mo wà níbẹ̀, mo jókòó nídìí tábìlì yín, mo ń jẹ àkàrà òyìnbó eléso ápù tí ìyá rẹ gé fún mi. Ìyá rẹ wojú mi pé kí n dáhùn. Mo ní kí ó bù sí i fún mi. Ẹ̀dá tí mo jẹ́ nìyẹn, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù.

Anselme ni ọmọ àpáta, èmi ni ọmọ odò. Kí àwa méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gun àpáta àti àwọn tó ń wa kayáàkì kì í mutí lórí tábìlì kan náà. Àwa ń pè wọ́n ní ewúrẹ́, wọ́n ń pe àwa ní ẹja tútù. Àwa la kọ́kọ́ so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, tí àlejò kan náà á wa omi, á sì tún gun àpáta lọ́jọ́ kan náà. Òfin tí a fi ń ṣe é kò yí padà títí dòní: omi láàárọ̀, àpáta lọ́sàn-án. Oòrùn máa ń yọ́ yìnyín lórí òkè látàárọ̀, omi rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ilẹ̀ bá ń lọ. Odò tí ọmọdé gbà kọjá láàárọ̀ lè gbé igi ńlá lọ ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni gbogbo wa fi ń wo òkúta tó wà lábẹ́ afárá kí a tó wọ omi, èyí tí àwọn baba wa sọ ní Mémé, Ìyá Àgbà. Bí orí rẹ̀ bá yọ, ẹ lọ. Bí omi bá bò ó, Ìyá Àgbà ń wẹ̀ nìyẹn, ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé á gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé afárá ló máa wò ó fún àwọn tó kù, a kì í sì í já ẹni bẹ́ẹ̀ nírọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Anselme àti Mireille ìyàwó mi. Mo máa wọlé, ọ̀rọ̀ á sì dúró lẹ́nu wọn. Mo máa ti odò dé, màá bá ife kọfí méjì níbi ìfọwo. Mo bi Mireille léèrè pé kí ni Anselme wá ṣe. Ó ní, "Ó wá dá ẹ̀rọ tí o fi ń lu àpáta padà." Mo wo ibi tí a ń gbé ẹ̀rọ náà sí, kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo rí i nínú ọkọ̀ Anselme. Mo kàn ń kó àwọn àmì wọ̀nyí jọ, ọ̀kan lé ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa igi ìdáná. Ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọwọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ta kókó fún àlejò, á rìn kọjá, á fọwọ́ kàn án. "Firmin, jẹ́ kí n mú wọn gòkè lónìí, kí o sinmi díẹ̀." Ìsinmi yẹn ń jó mi nínú. Ẹni tó ní kí n sinmi nídìí okùn mi, ó dájú pé ó ti ní ibòmíràn tó fẹ́ kí n ti sinmi. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lò ó kọjá ìwọ̀n, kò sì sí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Keje, àwa méjèèjì lọ yẹ ọ̀nà wò kí àwọn àlejò tó dé, bóyá igi wó sínú odò, bóyá irin tí a ń so okùn mọ́ ti yẹ̀ lára àpáta. Oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an. Mo ní kí a kọ́kọ́ gun àpáta.

"Nínú oòrùn yìí?" Anselme ní. "Omi ló ṣáájú, Firmin. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àpáta yẹn á ti gbóná bó bá di ọ̀sán. Àbí ewúrẹ́ sísun lo fẹ́ dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹja tútù ló ń fọ̀ yẹn. Ó dáa, ìwọ lo mọ omi."

Ìwọ lo mọ omi. Ohun tó sọ nìyẹn, tó fi gbé okùn kọ́ èjìká. Ní ìsàlẹ̀ àpáta, mo ta kókó sí ìgbànú mi, mo fọwọ́ kan àpáta pé mò ń lọ. Anselme ní, "Dúró." Ó fa kókó náà, ó sì tú sí i lọ́wọ́, nítorí ìdajì ni mo ta. Bí mo bá gòkè bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ni ẹ ò bá ti ṣà mí. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ta, ó ní, "Okùn yìí ló ti gbó. Kì í dì dáadáa mọ́." Okùn tuntun ni. Èmi ni mo rà á nígbà tí yìnyín ń yọ́ lọ́dún náà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkàn burúkú ń ṣe: ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí mi là, ohun tí èmi ń rò ni pé ẹni tó lè purọ́ nípa okùn lójú mi, kí ni kò ní purọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn mi?

Mo fi iṣẹ́ falẹ̀. Mo gun ibi tí kò yẹ kí n tún gùn. A jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lábẹ́ igi, mo ní kí a sinmi díẹ̀ sí i, ó sùn. Mo jókòó, mò ń wo yìnyín tó ń dán lórí òkè, mo mọ ibi tí omi rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí a fi máa dé odò, oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn òkè. Anselme ń wọ aṣọ omi rẹ̀, èmi lọ sórí afárá láti wo Ìyá Àgbà.

Kò sí Ìyá Àgbà. Omi tó dà bí eérú ń gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì ń gbọ́ tí òkúta ń yí lu ara wọn nísàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkọ̀ á dà á nù, á lúwẹ̀ẹ́ jáde, á rìn lẹ́sẹ̀ lásán gba iwájú ilé ọtí, gbogbo afinimọ̀nà á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú nìkan ni mo fẹ́ fún un. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà nìyẹn, ẹ má sì gbà á gbọ́, nítorí ẹni tó dàgbà sórí odò yìí mọ ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn. Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ìyá Àgbà ti gbẹ. Ó yọ dé ọrùn."

Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ariwo rẹ̀ pọ̀ o."

"Afẹ́fẹ́ ni."

Ó wojú mi, ó wojú mi pẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà afárá láti lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ló bá dúró. Ojú rẹ̀ yí padà, ó rọ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ó dáa. O ti rí i, ó ti tán." Mo sọ fún un pé èjìká ń ro mí látàrí àpáta, pé màá wa mọ́tò lọ dúró dè é nísàlẹ̀ odò. Bí òkúta bá gbẹ, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù láti dá gbà, nítorí náà kò jiyàn. Ibi tí a ti ń wọ omi, ẹ mọ̀ ọ́n, omi dákẹ́ síbẹ̀, kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn kọ́nà hàn. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè kí mi, ó lọ. Mo dúró nísàlẹ̀ títí ọkọ̀ rẹ̀ fi dé, òun kò sí nínú rẹ̀.

Capucine, má tíì dìde. Ó ku èyí tó burú jù. Nígbà tí wọ́n rí i, ọlọ́pàá orí òkè bi mí pé, "Ta ló wo òkúta?" Mo ní èmi ni. Mo ní mo kìlọ̀ fún un pé Ìyá Àgbà ń wẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé òun kò bẹ̀rù obìnrin arúgbó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lẹ́tà pupa kọ sórí pátákó yẹn nìyẹn. Anselme kò sọ ọ́ rí. Òkú ni mo fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, ohun tí kò lè tu síta. Ọlọ́pàá tún bi mí pé ta ló ní kí a kọ́kọ́ gun àpáta nínú irú oòrùn yẹn, mo ní Anselme ni. Ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ bi mí sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè bi. Barnabé àgbà, afinimọ̀nà tó dàgbà jù láàárín wa nígbà náà, kò bá mi mutí mọ́ títí ó fi kú. Òun mọ̀ pé Anselme kì í dá sí ọ̀rọ̀ omi níbi tí mo bá wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Mireille mú mi jókòó. "Firmin, ojú rẹ ń bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí o ń da wáìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sọ fún Anselme. A ò mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ọ. Ó ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀, pé òun á máa wo kókó rẹ títí wàá fi fẹnu ara rẹ sọ ọ́." Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́, ìdí irọ́ ẹ̀rọ yẹn, àti ìdí tí okùn tuntun fi di èyí tó gbó. Mo sì mọ ìdí tó fi dúró lọ́nà afárá. Kò fẹ́ kí ojú tì mí. Mireille di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Ó ní, "O ò rí òkúta yẹn dáadáa, àbí? Ojú rẹ ló tàn ẹ́, ojú wá tì ẹ́ láti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá." Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo bá wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọọdún títí tó fi kú, ìyàwó mi ń gbé òdòdó lọ síbi sàréè Anselme láti bá mi tọrọ àforíjì nítorí ojú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o pa ìwé dé, Capucine, o sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá Firmin, ṣé ojú yín ti ń yọ yín lẹ́nu nígbà ayé bàbá mi?" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Mireille ti sọ fún ọ kó tó lọ. O ti gbé àforíjì wá, o kàn ń wá ibi tí o máa gbé e kà. Mo díbọ́n pé mo ti sùn. Ìdáhùn rẹ rèé. Ohun tó sún mọ́ mi nìkan ni kì í hàn sí mi nígbà náà, kókó okùn, ẹnu ife. Ohun tó jìnnà hàn sí mi kedere. Mo rí omi lórí òkúta yẹn. Ojú mi kò tàn mí. Má dárí ji ojú mi, kò ṣẹ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wo òkúta fún yín bínú pé ẹ tún lọ wò ó, kó bínú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí ẹ bá sì ń fura sí, ẹ fẹnu bi í. Àforíjì kò yẹ mí, ṣùgbọ́n mo ń tọrọ rẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí láti kú láìtọrọ rẹ̀.

Ta ló dìde yẹn? Bàtà Capucine ni, mo mọ ìró rẹ̀. Ọmọ mi, bí o bá dé ibi tí pátákó náà wà, fi ọ̀bẹ ha orúkọ bàbá rẹ kúrò lára rẹ̀. Má ha ìtàn náà. Kọ Firmin síbẹ̀, nítorí èmi ni mo rí i pé Ìyá Àgbà ń wẹ̀ tí n kò sì bẹ̀rù rẹ̀; lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé e kọ́ ní Sátidé.