Ọbẹ̀ Tí Kò Lẹ́ja

Lọ́dún tí ẹja wọ́n kọjá agbára wa, mo wọ ọkọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè lọ sí Àkúrẹ́, ìyàwó ilé kan sì gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú mi, ó ń bá ìyá àgbà tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Màmá, ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Oǹdó lónìí. Wọn ò jẹun nílé mi rí, n kò sì lẹ́ja, n kò lẹ́ran."

"Kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn?"

"Olú àti ẹ̀gúsí ni, mà."

"O lólú, o ń sunkún ẹran! Fọwọ́ fà á ya, má fi ọ̀bẹ gé e. Yan án nínú ìkòkò títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí o tó da epo sí i. Po ẹ̀gúsí mọ́ àlùbọ́sà kó le, ṣù ú kéékèèké sínú ata tó ń hó, má sì rò ó kó tó jinná. Má gbàgbé irú."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú?"

"Háà! Ẹni tó bá tọrọ gáfárà lórí ọbẹ̀, ẹran tí kò sí ni àlejò rẹ̀ yóò máa wá kiri nínú abọ́. Gúnyán, gbé e kalẹ̀, kúnlẹ̀, kí o dákẹ́."

"Bí wọ́n bá bèèrè ńkọ́?"

"Sọ òótọ́. Àbí ọjà mìíràn ni wọ́n ń ná ní Oǹdó?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ṣé ìwọ lè kúnlẹ̀ ti irú abọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, kí o sì dákẹ́?