Àìsàn Tí Kò Sí Nínú Ìdílé Wọn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ojú yín máa bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Mo ti dàgbà. Orúnkún mi kì í gbọ́ tèmi mọ́, àmọ́ kì í ṣe orúnkún ló ń dùn mí jù. Irọ́ kan ni mo pa, ó ti lé ní ogún ọdún. Mo rò pé ó ti kú, pé a ti sin ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé ó ṣì wà láàyè, ó ń rìn káàkiri inú ọgbà wa, ó sì fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo ti yí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Ọkọ mi, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ló mú mi wá sí Ìsọlọ̀ nígbà tí mo ṣì kéré. N kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá la ẹnu, àwọn obìnrin inú ilé á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ ará òkè! Tún un sọ, ìyàwó, tún un sọ." Wọn kò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń sá lọ láti sunkún. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, Ráfíà, ìyá mi kò tètè rí ọ̀nà wá. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kó tó dé. Àjèjì ló wẹ ọmọ mi fún mi. N kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ìbẹ̀rù mi ti wá ni. N kò ní kí ẹ torí rẹ̀ dá mi láre.

Méjì ni mo tún bí lẹ́yìn Ráfíà. Wọn kò dúró. Nígbà tó yá, ọkọ mi náà kú. Ó wá ku èmi àti Ráfíà nínú yàrá kan. Mo ń ta abọ́ ike ní Bọ́ládé, òun ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ire-Akari. Tó bá ti dé nírọ̀lẹ́, ó máa ń sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ fún mi, bí wọ́n ṣe ń fa ikùn wọlé tó bá fẹ́ wọn wọ́n. Èmi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọmọ yẹn ni gbogbo ìlú Èkó fún mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Hàkíìmù dé. Ó ń tún fìríìjì ṣe ní Èjìgbò, ọmọ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń ṣe. N kò rí ohun tí mo lè torí rẹ̀ kórìíra rẹ̀, àfi ẹyọ kan: ó ti rí iṣẹ́ sí Yólà.

Ráfíà ní, "Màámi, tí wọ́n bá ti so yìgì wa, a máa lọ ni."

Mo ní, "Yólà? Ta lo mọ̀ ní Yólà?"

Ó ní, "Ta lẹ̀yin náà mọ̀ ní Ìsọlọ̀ nígbà tí ẹ dé?"

Mo ní ẹnu rẹ̀ ti gbó jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ má bínú. Àmọ́ èmi náà lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ibi tí n ó gbé, Màámi."

Ẹ̀tọ́ kẹ̀? Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í gbọ́ ẹ̀tọ́ lẹ́nu ọmọ. Ohun tí bàbá bá wí labẹ gé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tó ń dùn mí báyìí ni pé òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti fẹ́ sọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n ń mú mi bọ̀ láti Ṣakí. N kò rí ẹni sọ ọ́ fún ni.

Ẹ mọ̀ pé láàrin wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Ẹnì kan nínú ìdílé á gbéra lọ sí ìlú àna, á máa fi ọgbọ́n bèèrè: ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í bá ara wọn jà, ṣé kò sí àìsàn tó ń ran ìdílé. Àlàájì, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Èjìgbò, ló yẹ kó lọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún lásìkò náà. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi lọ. Ojú obìnrin a máa rí ohun tí ọkùnrin kò ní rí."

Mo lọ. Mo díbọ́n bí ẹni tó wá ra gàrí. Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ládàánì mọ́ṣáláṣí ní èèyàn gidi ni wọ́n. Obìnrin kan tó ń pọn omi ní, "Ilé yẹn? Ẹnu wọn le díẹ̀, àmọ́ inú wọn mọ́." Ẹnì kẹta, ìyá arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ igi, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè tán. Ó ní, "Ìwọ tí o ń wá gàrí tí o kò mú àpò dání yìí, jókòó. Ọmọ rẹ fẹ́ fẹ́ ọmọ ibí, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó fún mi lómi. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Kò sí ìwà burúkú níbẹ̀, kò sí àrùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn gbẹ̀bí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà ni mo ti ro ohun tí mo máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé èṣù ló ṣe mí. Èmi ni. Mo jókòó, mo rò ó bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Tí mo bá ní olè ni wọ́n, Àlàájì máa ní kí a tún lọ wádìí. Tí mo bá ní wọ́n ń jà, Ráfíà máa ní òun lè fara dà á. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gba ìbéèrè kejì.

Mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájì. Mo ní, "Wárápá ń ṣe wọ́n. Ó ń ran ìdílé."

Ó gbá àyà mú. Ó ní, "Lá iláhà! Ó tán."

Ó tán lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe tàbí tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ foríjì mí. N kò sọ pé ìtìjú ni. Ìbẹ̀rù tí àwọn èèyàn wa ní fún un ni mo mú lò.

Àṣà wa kan wà tí mo sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tí ìwádìí kò bá dára, a kì í sọ ìdí rẹ̀ fún ìdílé ọkọ. A ní kí a má dójú tì wọ́n. A ó kàn ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i. Ọ̀wọ̀ la pe èyí, ọ̀wọ̀ náà sì ni. Àmọ́ ẹ wò ó: olè pàápàá, tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù, wọ́n á ka ẹ̀sùn sí i létí kó lè fèsì. Wọn kò ka nǹkan kan sí Hàkíìmù létí. Mo mọ̀ pé wọn kò ní kà á.

Ó wá bá mi ní Bọ́ládé. Ó ní, "Màámi, kí ni mo ṣe? Ẹ sọ fún mi. Tó bá jẹ́ ohun tí mo lè tún ṣe, màá tún un ṣe."

Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí ohun tí o ṣe. Kádàrá ni."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó bá mi kó gbogbo abọ́ wọlé, ó tò wọ́n dáadáa, ńlá sísàlẹ̀, kékeré sókè. Lẹ́yìn náà ló kí mi pé ó dàbọ̀. Mo gbọ́ pé Yólà náà ló ti fẹ́yàwó, tó ti bímọ, tó ti di ará ibẹ̀.

Ráfíà sunkún fún oṣù mélòó kan. N kò sọ ìdí fún un, Àlàájì ló sọ fún un. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Màámi, ẹ ṣé tí ẹ gbà mí." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gba ọpẹ́ náà. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un.

Ó padà fẹ́ ọkùnrin kan ní òpópónà kejì sí wa, bí mo ṣe fẹ́. Ọdún kẹfà ló kó ẹrù rẹ̀ padà wá bá mi, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ burúkú nípa ọkùnrin náà. Ó kàn ní ilé náà há mọ́ òun. Òun ló ń tọ́jú mi báyìí. Òun ló ń fi òróró ra orúnkún mi láràárọ̀. Tí ọmọbìnrin kan nínú ọgbà bá fẹ́ lọ́kọ, Ráfíà máa pè é jókòó, á ní, "Má kánjú o. Jẹ́ kí wọ́n wádìí. Màámi ló yọ mí." Á wá dárúkọ ìlú náà. Á dárúkọ ìdílé náà. Èmi á wà lórí àga, n ó máa wo ilẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Obìnrin kan wà tí a jọ ń gbé ọgbà, Ìyá Sùlíyà. Ọmọkùnrin rẹ̀, Wàhíìdì, mú àfẹ́sọ́nà wálé. Bùṣírà lorúkọ ọmọ náà, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó di orúnkún mi mú, ó ní kí n máa fi omi gbígbóná sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Hàkíìmù ni.

Ìyá Sùlíyà wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Ráfíà, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ yín ti sọ fún mi nípa ilé yẹn. Ẹ̀yin lẹ débẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n rántí dáadáa ná."

Ó wo ojú mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá wa. Ẹnu àgbà kì í sọ irú ẹ̀ jáde." Ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin mo pè é. Mo ní, "Ìyá Sùlíyà, kò sí wárápá nínú ilé yẹn. Kò sí i rárá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti rọ̀ jù! Torí pé ọmọ yẹn kí yín dáadáa, ẹ fẹ́ bá wọn bò ó. Ẹ yọ ọmọ tiyín, ẹ wá fẹ́ ti tèmi sí i?"

Mo ní, "Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó ní, "Áà, ẹ má búra, Ìyá wa. Ẹ má torí ọmọ ọlọ́mọ búra. Ráfíà fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń dúpẹ́ ni."

Ráfíà gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó ní, "Màámi, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Mo wá mọ̀ ọ́n báyìí. Irọ́ mi ti lágbára ju òótọ́ mi lọ. Tí mo bá kàn ní "kò rí bẹ́ẹ̀", àánú ni wọ́n máa pè é. Àfi kí n sọ pé èmi ni mo pa irọ́, kí n sì sọ ìdí tí mo fi pa á. N kò sì lè sọ ọ́ fún Ìyá Sùlíyà kí Ráfíà má gbọ́, torí Ráfíà ni ẹlẹ́rìí tí gbogbo wọn gbà gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ló lè tú u. Kí ẹnu rẹ̀ tó lè tú u, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi, ìyá rẹ̀, ni mo jí ayé tó yàn lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì tún gba ọpẹ́ lé e.

Ó lè kó lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, n kò ní dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ó sì lè máà lọ, kó kàn máa wò mí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Hàkíìmù, níbikíbi tí o bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ àti ìdílé rẹ, ẹ foríjì mí. Ohun tí o bi mí léèrè ní Bọ́ládé, èsì rẹ̀ nìyí: o kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ lòní. Ọjọ́ Àìkú ni Ìyá Sùlíyà máa ránṣẹ́ sí àwọn òbí Bùṣírà pé ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i, wọn kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Ẹ má gbà mí níyànjú bóyá kí n sọ tàbí kí n má sọ. Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Láàárọ̀ yìí, bí Ráfíà ṣe ń fi òróró ra ẹsẹ̀ mi, mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ bí rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ?