Ọmọ Mi Ni Mo Pè Ní Ọmọ Aládùúgbò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi lórí ẹní yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ní Mẹ́kà yìí tí mo ń gbé lónìí, bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn obìnrin a máa nawọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, wọn a ní, "Ìyá àwọn ọmọ, Ọlọ́run yóò san án fún ọ!" Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gbé ọmọ tuntun wọn wá pé kí n ṣàdúrà sí i lórí. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kì í délẹ̀ nínú mi. Ta ni èmi tí n ó ṣàdúrà sórí ọmọ ọlọ́mọ? Bí wọ́n bá mọ ohun tí mo ṣe sí èyí tí mo bí, ṣé wọn ò ní pa fèrèsé wọn dé? Mo so ọmọ mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni so ewúrẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé mo sẹ́ ẹ lójú ara rẹ̀. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Àmọ́ ẹ má tíì nu omijé o, nítorí ẹ̀rín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ náà gan-an ló sì ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ìsẹ́yìn ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Ogun Hitila ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí a gbéra. A gba Kánò, a gba Màìdúgùrì, a ń ṣiṣẹ́ a ń rìn nílẹ̀ Sùdáànù fún odidi ọdún mẹ́ta, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Jídà. A ṣe Hájì tán, ọkọ mi di Àlàájì, èmi náà di Àlàájà, ṣùgbọ́n agbára àtipadà kò sí mọ́. Ọkọ mi bá gba iṣẹ́ ẹrù rírù ní èbúté, èmi náà ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ rán àpò ìbàdí tí àwọn tó wá ṣe Hájì máa ń so mọ́ aṣọ funfun wọn. Yàrá kan ni a ní, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, ibẹ̀ ni mo sì bí Simbiátù sí, lẹ́yìn tí oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lára lójú ọ̀nà. Ẹ ò rí bí a ti yọ̀ tó!

Ṣùgbọ́n Simbi pé ọdún méjì, kò pe ìyá. Ó pé mẹ́ta, kò pe bàbá. Bí o pè é títí, kò ní bojú wò ọ́, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí bébà bisikíìtì ní yàrá aládùúgbò, o ò ní tíì mí tí yóò fi dé ibẹ̀. Ó lè fi gbogbo òwúrọ̀ yí ọmọrí ìkòkò kan lórí ilẹ̀, kí ó máa wò ó bó ti ń jó. Bí mo bá ń gún ata lódó, yóò di etí méjèèjì, yóò ké bí ẹni tí iná ń jó. Búrẹ́dì gbígbẹ nìkan ló ń jẹ, bí ọbẹ̀ bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó parí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, ará Íjíbítì. Ó gbọn agogo kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, ó tan iná sí i létí, ó ní etí ọmọ yìí dá ṣáṣá, kí n lọ sinmi. Kí n lọ sinmi níbo? Àwọn obìnrin ilé wa ní àlùjọ̀nnú ló wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ní mo jẹ ohun tí aboyún kì í jẹ. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí mo jẹ látìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń rán àpò lọ́wọ́, mo gbójú sókè, Simbi kò sí. Mo sáré jáde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi tí mi ò ní ìkámà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, ta ni n ó ké sí? Bí mo bá ké sí ọlọ́pàá, ìwé ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi ló rí i ní èbúté, ó jókòó sí bèbè omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú òkun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìgbì. Wọ́n gbé e wá fún mi. Nígbà tí jìnnìjìnnì náà kúrò lára mi, mo ya etí aṣọ kan, mo fi so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ọjọ́ yẹn nìkan ni. Ọjọ́ kan di oṣù, oṣù di ọdún. Bí ọkọ mi bá fẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, n ó ti tú u. Kò mọ̀. Ẹ̀yin, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá!

Simbi ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ọkọ̀ òfuurufú dé láti ilé. Hájì ṣì ku bí ọjọ́ mẹ́wàá, kò tíì di Àlàájà, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ́ ẹ láti inú ọkọ̀. Bí ó ti jókòó tó mu omi tán, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ọmọ wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo lẹ́tà tí mo ní kí wọ́n bá mi kọ sílé, irọ́ ló kún inú rẹ̀? Mo ti ní Simbi ń sọ̀rọ̀ geere, mo ní ó ń ké Kùránì. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Ó wà ní Mẹ́kà, Ìyá Àlàájà, lọ́dọ̀ màlámà tó ń kọ́ ọ ní kéwú."

Ẹnu mi kò tíì pa dé tán tí aṣọ tí mo fi pín yàrá sí méjì fi mì. Simbi ló jáde, ó ti tú ìdè náà fúnra rẹ̀, etí aṣọ ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà, ó kọjú gbogbo wọn sí ògiri.

"Ọmọ ta nìyí?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Mo wúkọ́ díẹ̀. Mo ní, "Ọmọ aládùúgbò ni."

Simbi kò gbójú sókè. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ aládùúgbò ni."

Háà! Ọmọ tí kò sọ ọ̀rọ̀ rí láyé! Ohùn mi ni, gbígbọ̀n tí ohùn mi gbọ̀n ni, ikọ́ mi pàápàá kò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi sọ, irọ́ tí mo fi sẹ́ ẹ ni. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, ǹ bá kó sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde, ó lọ jókòó sílẹ̀ nítòsí ọmọ náà, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn ń wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyàwó wa, iwájú orí bàbá mi rèé lórí ọmọ aládùúgbò yín. Ṣé bàbá mi wá sí Jídà rí ni?"

Mo bú sẹ́kún, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo jẹ́wọ́. Ó rí ọrùn ẹsẹ̀ Simbi, ojú rẹ̀ yí padà, mo rò pé yóò gbá mi létí, ì bá sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi kan wà tó rí báyìí, òun ló ṣáájú ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ kéré nígbà tó kú, kò lè rántí. Àbúrò mi yìí kò sọ̀rọ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun ló sì ń ká òwú fún gbogbo ahunṣọ agboolé wa títí ó fi kú. Kò sí ẹni tó so ó. Òwú là ń so nílé wa, ìyàwó, a kì í so ènìyàn."

Nígbà tí ọkọ mi wọlé nírọ̀lẹ́, Simbi kí i káàbọ̀, ó ní, "Ọmọ aládùúgbò ni." Ọkùnrin náà ju fìlà rẹ̀ sókè! Ó ti ń retí ohùn yẹn fún ọdún márùn-ún. Ó ń fò, ó ń yin Ọlọ́run, ó ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ìgbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ ló wá béèrè pé ta ló kọ́ ọ. Mo sọ fún un. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé etí aṣọ tó kù lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó jáde lọ jókòó síta. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, Simbi nìkan ló ń sọ ti ẹ̀ káàkiri ilé, fún onílé, fún ológbò, fún ọkùnrin tó ń pọnmi wá.

A ṣe Hájì tán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi di Àlàájà tòótọ́. Ó ní òun ò ní padà sílé àfi bí a bá rí màlámà tí mo fi parọ́ fún òun. "Irọ́ tó o pa yẹn, jẹ́ ká lọ sọ ọ́ di òótọ́." A gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Mẹ́kà, à ń kiri láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan dé òmíràn. Ẹni mẹ́ta lé wa. Ẹ̀kẹrin ni Màlámà Hàwáù ní àdúgbò Mísífálà. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ìyá ìyá rẹ̀ ló rin ìrìn àjò láti Kàtsínà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kéwú nínú àgbàlá rẹ̀, èmi àti ẹ̀ sì ń fi Haúsá tí mo kọ́ lójú ọ̀nà bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí a fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun kàn máa wo ọmọ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, ó pè mí. Ó ní, "Ọmọ yìí kì í ṣe odi. Ohun tí ẹ bá bù sínú rẹ̀ ló ń dà padà. Ṣé ẹ wá ti bu ohun tó dára sí i?"

Ọkàn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi balẹ̀, ó padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó wá sí Mẹ́kà, ọkọ mi a sì máa wá bá wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Màlámà fún Simbi ní igun kan àti ẹní kan, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí i padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo nítòsí rẹ̀, kí pàṣán má sì dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan: kí ó di ife mú, kí a sọ "ife", kí omi kán sí i lọ́wọ́, kí a sọ "omi". Bí ó bá di etí, wọn a dúró títí yóò fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi jókòó tì í, mo ń ránṣọ, mo ń kọ́ bí a ti ń ṣe ìyá.

Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀. Simbi kọ́ igbe ọkùnrin tó ń ta epo kẹrosíìnì. Bó ṣe ké e lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ilé mẹ́rin ló gbé agolo jáde, wọ́n ń wo ọ̀nà, wọn ò rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó jókòó ní igun rẹ̀, ó ké Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í rárá. Ohùn Màlámà ló fi ké e, nígbà tó sì parí, ó sín gan-an bí Màlámà ti máa ń sín, ó ní, "Alihamudulilahi." Màlámà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú!

Ní tèmi, ohun kan ni mo ń bù sí i. Láràárọ̀, n ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà mi, n ó ní, "Ọmọ mi ni." Oṣù mẹ́rin, kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin àlejò kan wọ àgbàlá, ó rí Simbi láàárín bàtà tó tò, ó ní ọmọ ta nìyí. Kí n tó la ẹnu, Simbi dìde, ó wá mú ọwọ́ mi, òun tí kì í mú ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ni." Àbí ẹ gbọ́? Èmi ni ọmọ rẹ̀! Ta ló fẹ́ tún un ṣe fún un? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi." Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Obìnrin àlejò náà ní ọmọ kan nílé tó jọ ọ́, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó mú un wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan láti Hadramáútù, lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá kan tí baba rẹ̀ ti Bùkhárà wá. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ èmi àti Màlámà báyìí. N kò ní parọ́ fún yín mọ́: Simbi kò dà bí ọmọ yòókù. Ó ti sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kì í jẹ ọbẹ̀, odó ṣì ń lé e sá. Ṣùgbọ́n òun ló ń rán okùn mọ́ àpò tí mo ń tà, kò sì sí èyí tó fi ìdajì ìka gùn ju èkejì lọ. Bí àwọn ọmọ bá sọ èdè Lárúbáwá sí i, ó máa ń fi Lárúbáwá dá wọn lóhùn. Bí mo bá sọ Yorùbá, ó máa ń fi Yorùbá dá mi lóhùn, pẹ̀lú ikọ́ mi.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí a fi pamọ́ kò lè kọ́ nǹkan kan lára ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ mú un jáde sáàárín ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí rèé. Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí wa, ará Ìlọrin ni. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, bí ooru ti wù kó mú tó. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá, ó ní kò sí ọmọ nílé òun, mo sì ń gbọ́ ọwọ́ kékeré kan tó ń lu ògiri nínú yàrá. N kò bá a jiyàn. Mo kí i, mo sì padà. Lọ́la, èmi àti Simbi yóò tún lọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un tí kò fi ní ti ilẹ̀kùn mọ́ mi? Mo ti rò ó títí. Ó jọ pé ohun tí mo sọ fún yín yìí náà ni n ó sọ: pé mo so tèmi, mo sì sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, ẹ tètè sọ fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́.