Jẹnẹrétọ̀ Tí Bàbá Múfútáù Gbọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, èmi gan-an ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ohun kan wà tí mo ti gbé mọ́ra láti ọdún tó kọjá. Ó ṣeé ṣe kí n má sọ ọ́ títí ayé, àmọ́ wọ́n ti ní kí n dúró níwájú èrò ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí n fi ẹnu ara mi jẹ́rìí sí irọ́ tí mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Aránṣọ ni màmá mi. Nígbà tí mo parí yunifásítì tí mi ò tètè ríṣẹ́, ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò wa fi mí ṣe akọ̀wé. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìwé tí mo kà wúlò. Bóyá ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wọn fi ń ránṣọ nígbà náà. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ sólà wá sí ìpàdé, pé bí ẹgbẹ́ bá rà á pọ̀, ẹni tí kò lè dá a rà náà á rí i lò. Alhaja, ìyá ẹgbẹ́ wa, fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ wa ní òfin kan. Ohun tuntun tí a bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, láti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àdúrà ìparí. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan péré, a ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Onísólà gbé tirẹ̀ sórí déèkì ilé Alhaja. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lójú mi. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo tan iná, kò tàn. Mo pe onísólà, fóònù rẹ̀ ò lọ. Àwọn èèyàn ti ń wọlé, wọ́n ti pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ agboolé kí ìdánwò náà lè dájú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àwáwí, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lára mi ni. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo bẹ bọ̀dá tó ń ṣe fọ́tókópì lẹ́yìn ògiri, mo fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì fi aṣọ bò ó.

Iná tàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, áyọ́ọ̀nù gbóná, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Bàbá Múfútáù nawọ́ sókè. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyí. Òun ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, òun náà sì ni ládàánì mọ́sálásí kékeré àdúgbò wa. Ohùn rẹ̀ la fi ń jí fún àsùbáà.

“Ẹ dákẹ́ ná,” ó ní. “Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀.”

“Bàbá, inú orí yín ló ti ń dún!” màmá mi pariwo.

Alhaja ní, “Ẹ yáa pa tinú orí yín ọ̀hún o, epo ti wọ́n!”

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Bàbá kọjú sí mi. “Akọ̀wé, ìwọ tó kàwé, ṣé o ò gbọ́ ọ ni?”

“Rárá o, bàbá,” mo ní. “Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rín pa òun náà. Ó ní òun gbà. Gbogbo ilé gbà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gun orí déèkì. Ẹ gbà mí o! Àwọn ìyàwó ilé ti fọ ẹní mọ́sálásí nítorí Jímọ̀, wọ́n sì ti sá gbogbo rẹ̀ sórí sólà láti àná, nítorí pé ibẹ̀ tẹ́jú, oòrùn sì ń pa á dáadáa. Sólà ò ṣe nǹkan kan. Ẹní ló bò ó lójú. Mo jókòó síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mo kó ẹní kúrò, iná sì dé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò já wa kulẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ra tiwọn. Òfin tuntun kan sì wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáṣọ sórí sólà. Èmi ni mo dá a lábàá, mi ò sọ ìdí. Ẹ wá wo àdúgbò wa! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà lẹ ó ti máa gbọ́ àwọn ọmọ ilé kéú. Màmá mi ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Alhaja ní òun ò mọ̀ pé kò lóhùn, jẹnẹrétọ̀ ló ti ń bò ó láṣìírí.

Bàbá Múfútáù wá di oníwàásù sólà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ káfíńtà, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onídìrí. “Èmi yìí,” á ní, “mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níbi tí kò sí! Bó ṣe ba etí mi jẹ́ tó nìyẹn. Ẹ sá fún un!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà.

Àmọ́ ó ti fi ìrun pípè sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ohun tí kò sí kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa pe èèyàn wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Òrí ló ń fi sétí ní alaalẹ́, bóyá etí náà á sàn. Àdúgbò wá dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ìbá dé Ìdúmọ̀tà, ohùn ẹlòmíràn la sì ń gbọ́.

Ní Sátidé, yóò bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni ẹlẹ́rìí òun pé kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́ fún un níkọ̀kọ̀, wọn á ṣì máa fi í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé ẹ̀tàn ni sólà. Sólà kì í ṣe ẹ̀tàn, èmi ni mo tàn wọ́n. Ọkàn mi ń sọ pé ojú gbogbo èèyàn ni mo ti sẹ́, ojú gbogbo èèyàn ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ka èyí fún bàbá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó má wulẹ̀ gbóhùn sókè. Bàbá, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ lẹ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kí ẹ padà wá pè wá sí ìrun.