Orí Ewúrẹ́ Tí Kò Sí Lórí Tábìlì Tantí Hàfísátù

Ẹ má tíì dìde, ẹ̀yin ará wa. Mo mọ̀ pé ìrun Jímọ̀ ti parí, ebi sì ń pa yín, ṣùgbọ́n ìwé tí Lèmọ́mù ń kà sí yín létí yìí, èmi Moubarak ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, èmi oní-zém, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí gbogbo ayé mọ̀ láti Igolo títí dé Porto-Novo. Ẹ wò ó, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé kọ́. Àwọn tó ń dúró ní ibùdó wa ló mọ̀ mí, àti àwọn tí mo ti fi alùpùpù dà sínú ẹrẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí mo gbé mì láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó kọ̀, kò dà nínú mi, òní ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Mo jókòó sẹ́yìn níbí, lẹ́bàá bàtà yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí.

Ẹ mọ abẹ́ páànù Tantí Hàfísátù, létí títì tó lọ sí Igolo, níbi tá a ti ń jẹ àtàsì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewúrẹ́ àti wàgáṣì, wàrà díndín. Mo ti jẹun dé Cotonou, mo ti jẹun dé Èkó, mi ò rí irú ọbẹ̀ yẹn rí. Èkó náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀, búrẹ́dì ni mo sì jẹ. Bẹ́ńṣì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, oníṣòwò, alágbàrù, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà, tíṣà, gbogbo wọn á fún ara wọn mọ́bẹ̀. Owó tó wà lápò ẹni tí kò ní lọ́wọ́ gan-an ń tó o níbẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà ibẹ̀. Láàárọ̀, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, tí mọ́ṣáláṣí yìí fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́, á dúńbú ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé. Tantí á gbé orí ẹ̀ sínú abọ́ funfun, á gbé e sórí tábìlì níwájú, kí ẹni tó ń wọlé lè rí ojú ọ̀bẹ lọ́rùn ẹ̀. Ibẹ̀ ló máa wà títí ìkòkò á fi ṣófo. Kámíọ̀ ń tẹ ewúrẹ́ pa lórí títì yẹn ṣáá, kò sì sí Mùsùlùmí tó fẹ́ fi òkú ẹran jẹ àtàsì. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pàápàá máa ń yọjú wo orí yẹn kí wọ́n tó jókòó.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, mo jókòó ti Chérifath, ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lódìkejì títì. Mo ń sọ fún un pé, “Wo gbogbo bẹ́ńṣì yìí. Èmi ni mò ń gbé èrò kún un. Ọjọ́ tí mo bá ní kí wọ́n má wá, iná ò ní jó níbí.” Àṣé Tantí ń gbọ́ mi látìdí ìkòkò. Ó ní, “Moubarak, ọkọ mi, èèyàn méjì lo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ ni.” Bẹ́ńṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hó. Ìrẹsì há ọkùnrin kan lọ́fun. Kàmọ́rù, oní-zém ẹgbẹ́ mi, ní, “Èkejì ńkọ́, Tantí? Ṣé kì í ṣe ara ẹ̀ náà ló gbé wá?” Chérifath rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi náà rín in, ṣùgbọ́n ohun tó ń hó nínú mi ju ọbẹ̀ Tantí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń kọjá lọ, Tantí pè mí. Ó ní, “Wọ́n ní ibà ò tíì fi ìyá ẹ sílẹ̀. Gbé orí ewúrẹ́ yìí lọ fún un, kí wọ́n fi se ọbẹ̀ ata fún un, bóyá á rí nǹkan gbé mì.” Mo ní, “Tantí, tábìlì ńkọ́?” Ó ní, “Ta ni ò mọ̀ mí ní Ifangni? Gbé e lọ, jàre.” Ó fi ewé wé e, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ẹ mọ nǹkan tí mo sọ fún ìyá mi? Mo ní òdindi ewúrẹ́ ni mo rà, pé mo ti fi èyí tó kù ṣe sàráà. Ìyá mi ṣàdúrà fún mi títí ohùn wọn fi há. Etí méjèèjì, èmi ni mo jẹ ẹ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣe é. Kámíọ̀ ti tẹ ewúrẹ́ kan pa ní ìdájí, gbogbo wa la rí ẹ̀jẹ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé òkú ẹ̀. Mo sún mọ́ Kàmọ́rù ní ibùdó. Ohùn mi yìí, tó máa ń sọdá bọ́dà láìfi ìwé han ẹnikẹ́ni, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

“Kàmọ́rù, ewúrẹ́ àárọ̀ yẹn, ta ló gbé e?”

“Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo máa fi padà dé, kò sí níbẹ̀ mọ́.”

“O ti jẹun lọ́dọ̀ Tantí?”

“Ibẹ̀ ni mò ń lọ yìí.”

“Tó o bá débẹ̀, wo orí tábìlì. Kò sí orí níbẹ̀ lónìí. Èmi ò sọ nǹkan kan o.”

Kàmọ́rù wò mí, ó tún mi wò. Ó ní, “O ò pariwo.”

“Kí ni mo fẹ́ pariwo fún?”

“Voilà, òun nìyẹn. Èyí tí ìwọ ò bá pariwo ẹ̀, òótọ́ ni.”

Ó lọ wo tábìlì. Kò jókòó. Ó padà wá, ó sọ ọ́ létí ẹnìkejì, ẹnìkejì sọ ọ́ fún èrò ẹ̀yìn ẹ̀, èrò gbé e dé Igolo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn ń fi ṣíbí dojú ẹran délẹ̀ nínú abọ́, wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀. Obìnrin kan lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní òun fẹ́ tọ̀, àṣé awọ ewúrẹ́ ló ń wá kiri. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ kan ti di mẹ́ta. Ẹnì kan ní ajá wà nínú ẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ ọ̀kan di mẹ́wàá, mo rí àwọn ọ̀gá mi. Bí ẹnì kan bá yà síbẹ̀, àwọn tó wà lójú títì á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé ó jalè, òun náà á ṣe bí ẹni tó ṣìnà, á sọdá sí kafé Régis lọ jẹ ẹyin díndín.

Ní ọjọ́ kẹrin, Tantí pè mí. Èmi nìkan ló kù tó ń jẹun níbẹ̀. Ó ní, “Moubarak, títì ni ìwọ ń gbé. Bá mi wádìí ẹni tó ń bà mí lórúkọ jẹ́. Àbí Régis ni?” Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ò wúwo, ẹran ló wà nínú ẹ̀. Mo ní, “Tantí, Régis yẹn, ojú ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.” Ó bu ẹran méjì kún tèmi, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kí Régis mọ́, Régis tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Ẹ̀yin náà wà níbí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Lèmọ́mù pè wá jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù ní, “Ọ̀ṣẹ́nì, ṣé o dúńbú ẹran lọ́jọ́ yẹn?” Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ní, “Mo dúńbú ẹ̀, mo sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i.” “Orí ẹ̀ dà?” Tantí tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ṣé orí yẹn ló dá gbogbo èyí sílẹ̀? Moubarak ni mo fún, pé kó gbé e fún ìyá ẹ̀ tí ara ẹ̀ ò yá. Òun nìyẹn. Ẹ bi í.” Gbogbo yín yíjú sí mi. Chérifath wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń wò mí. Mo rò ó lọ́kàn pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Kàmọ́rù á bi mí pé ẹni tó gbé orí lọ ló tún ń bèèrè orí. Mo ní, “Orí? Orí wo? Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Tantí.” Ohùn jẹ́jẹ́ kan náà ni mo fi sọ ọ́. Tantí ní, “Moubarak, wo ojú mi.” Sálúbàtà ẹ̀ ni mo wò. Mo tún fi èyí tó burú jù kún un. Mo ní, “Ẹ má fi àìsàn ìyá mi bo nǹkan yín mọ́lẹ̀, Tantí.” Lèmọ́mù na ọwọ́ sí Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì pé kí wọ́n dá ọ̀bẹ padà. Bàbá nu ọ̀bẹ mọ́ aṣọ ara wọn, wọ́n fi èkù ẹ̀ lé Lèmọ́mù lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ọ̀bẹ yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò fi nǹkan kan kún iye yẹn. Ọjọ́ yẹn ni Tantí pa iná.

Ara ìyá mi yá, wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n gbọ́ ìtàn náà. Wọ́n délé, wọ́n ní, “Moubarak, orí tó o gbé wá ìjọsí, ọjọ́ wo ni?” Mo ní, “Ó ti pẹ́, Màmá.” “Ọjọ́ wo?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu alùpùpù mi. Wọn ò bú mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá gbé wọlé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á wò ó, wọ́n á dé e padà. “Ti ta ni?” Búrẹ́dì lásán! Mo ní, “Mo rà á ni, Màmá.” Wọ́n ní, “O ní o ra ti ìjọsí náà.” Wọ́n á lọ po gàárì tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ará wa, mo fara da ojú gbogbo yín. Mi ò lè fara da ti ìyá mi.

Mo lọ jẹ́wọ́ ní ibùdó. Kàmọ́rù pariwo, “Ẹ wá gbọ́ o! Moubarak ní òun nìkan ló pa iná Tantí! Tó bá dọ̀la á ní òun ló ń ti bọ́dà!” Wọ́n yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Irọ́ mi ni wọ́n gbà gbọ́, òótọ́ mi ni wọ́n fi ṣeré. Mo wá gun alùpùpù lọ sí Ko-Koumolou, níbi tí Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ti ń ro oko ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ro ebè kan tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, “Ẹnu ẹ ti bàjẹ́. Lọ fi ọwọ́ kọ ọ́. Kọ orúkọ bàbá ẹ sí i. Má fi nǹkan kan kún un.” Ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo ya púpọ̀ dànù, èyí tó kù nìyí.

Mo lọ bá Tantí náà nílé. Ó gbọ́ mi tán. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. “Ìyá ẹ jẹ ẹ́?”

“Wọ́n jẹ ẹ́, Tantí.”

“Ó lè gbé e mì?”

“Wọ́n gbé e mì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹun yó láti ìgbà tí ibà ti mú wọn.”

Ó yíjú sí ògiri. Ó ní, “Ó dáa. Dìde, máa lọ.” Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀bẹ padà fún Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì lójú gbogbo èèyàn, bí ẹ ṣe gbà á. Régis, mo mọ̀ pé o ò sí níbí, mo ń bọ̀ ní kafé ẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jẹ́ ẹlẹ́nu bíi tèmi, ariwo yín ò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ jẹ́jẹ́ létí ẹnì kan ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀yin tó kù, àforíjì tèmi lè dúró. Mo gbọ́ pé Tantí á tún dá iná lọ́la. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ jẹun. Ẹ jókòó, ẹ má gbóòórùn ẹran, ẹ má wo ẹ̀yìn ilé. Èmi á wà lódìkejì títì lórí alùpùpù mi, mi ò ní sọdá tí kò bá pè mí. Tẹ́ ẹ bá jẹ tán tó bá dùn, ẹ má wá sọ fún mi. Tantí ni kẹ́ ẹ sọ fún.

Èmi Moubarak, ọmọ Jẹ́láàní, ní Ifangni.