Lẹ́tà Mẹ́ta Tí Tísà Kọ Sí Bàbá Afi

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, náírà mẹ́ta ni mo ra jígí ojú mi àkọ́kọ́, mo sì tún rí ṣẹ́ńjì fi jẹun. Èyí tí mo wọ̀ kọ ìwé yìí, owó rẹ̀ ì bá ra ilẹ̀ láyé ìgbà náà. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ jígí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ẹrù tó wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́rìnlá. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ìtamaga ni mò ń gbé. Bàbá Afi, bíríkìlà ará Tógò, àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá kan nílé mi. Wọn kò gbọ́ Òyìnbó, Yorùbá wọn kò sì tíì já gaara. Èmi ti kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì, nítorí náà èmi ni mò ń ka ìwé tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn wá. "Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀" ni bàbá Afi ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, oyè náà dùn mọ́ mi.

Afi wà ní kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé. Tísà rẹ̀ ní ojú òsì ọmọ náà kò ríran dáadáa, kí wọ́n tètè mú un lọ sí ọsibítù.

N kò gbà á gbọ́. Tísà náà kéré lọ́jọ́ orí, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i ní ibùdókọ̀ Benson, tí òun àti ọkùnrin kan tó ń ta jígí jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n jọ ń pín èrè ni.

"Pọ̀rọ̀fẹ́sọ̀, kí ni tísà wí?"

"Ó ní Afi ń gbìyànjú."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ọpọlọ ìyá rẹ̀ ló gbé. Tèmi, sìmẹ́ńtì ló wà níbẹ̀."

Lẹ́tà kejì dé, mo tún sọ bákan náà. Nínú ẹ̀kẹta, tísà ní bí àyè kò bá gbà wọ́n, òun fúnra òun yóò mú Afi lọ. Ìfura mi wá le sí i. Kí ni ọ̀dọ́kùnrin ń wá lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ? Mo kọ èsì lórúkọ bàbá rẹ̀, láìsọ fún un: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀." Tísà kò kọ̀wé mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Afi kò fi ojú yẹn rí nǹkan kan mọ́. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ó ní, "Ṣé ilé ẹ̀kọ́ kò sọ fún yín ni? Ká ní ẹ tètè wá ni." Mo túmọ̀ gbólóhùn kejì. N kò túmọ̀ ti àkọ́kọ́.

Mo lọ bá ọlọ́jígí. Ó ní ọmọ Agbowa kan náà ni òun àti tísà, pé ìkíni ará ilé lásán ni wọ́n ń kí ara wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò kórìíra ọmọ náà. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ràn kí wọ́n máa wo ẹnu mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Afi ṣí àpótí ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ báyìí. Ó ní, "Bàbá, mo rí lẹ́tà tísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń tọ́jú wọn de Afi. Ó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé."

Mo ní kó kó wọn wá kí n kà wọ́n.

"Ẹ ti kà wọ́n rí, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fura pé ó ti mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ kí Sátidé tó dé? Ọlọ́jígí ti kú. Bàbá Afi kú sí Lomé, ó sì gbà títí dọjọ́ ikú pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni tísà kọ̀wé yin ọmọ òun. Wọ́n ní tísà wà ní Agbowa. Ìyá Afi wà. Afi wà. Èmi náà ṣì wà.